Ìsìnkú Tẹlifíṣọ̀n Màmá Fẹ́yìsetán

Nígbà tí ayé ṣì ń yẹ Fọlọ́runṣọ́ Ògúndípẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Òdòdé Ìdànrè, ẹ ó kọ́kọ́ ṣí fìlà. Bí ẹ kò bá dé fìlà, ẹ wá nǹkan mìíràn ṣí. Lẹ́yìn náà, ẹ ó tẹ orúnkún méjèèjì díẹ̀, kì í ṣe púpọ̀ o, torí ó ní òun kò fẹ́ kí aráyé sọ òun di òrìṣà. Ẹ ó wá sọ pé, "Àwòrán yín mọ́, sà." Òun náà á mi orí lẹ́ẹ̀mẹta, á ní, "Kò ní ṣú láé." Ìgbà yẹn lẹ tó lè sọ ohun tó gbé yín wá. Ọkùnrin kan sáré wọlé lọ́jọ́ kan láti sọ pé iná ń jó lẹ́yìn ọ́fíìsì, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu ọ̀nà pé kó lọ wọlé bí ọmọlúàbí. Òjò ló gba ọ́fíìsì yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ọgbọ́n ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Ẹ ó bi mí pé ipò wo ló ní tó fi ń ṣe báyìí. Ẹ fara balẹ̀. Ìjọba ní tẹlifíṣọ̀n tí a ti ń fi antẹ́nà orí òrùlé wò láti ọjọ́ pípẹ́ ti fẹ́ dópin. Ní ìparí oṣù kẹsàn-án, wọ́n á pa ọ̀nà àtijọ́, àwòrán á sì máa gba ọ̀nà dígítà wá. Ẹni tó bá fẹ́ máa wo nǹkan lọ gbọ́dọ̀ ní àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní dikódà. Wọ́n wá dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Ìgbìmọ̀ Àwòrán Tó Mọ́, wọ́n kó ogójì dikódà fún un pé kó pín in lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn arúgbó Ìdànrè tó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Fọlọ́runṣọ́ ni wọ́n fi ṣe olórí. Waya mẹ́ta ló wà lára dikódà yìí, pupa, funfun àti yẹ́lò. Ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ tó wà nílé yín náà lẹ ó kì wọ́n bọ̀. Wọ́n tilẹ̀ ya àwòrán bí ẹ ó ṣe ṣe é sára páálí. Iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ni fún ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ta ló ń fi iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta di èèyàn ńlá? Kòkó ni ọkùnrin yìí ń wọ̀n ní Aládé kó tó dé ipò yìí, kò kọ́ ẹ̀rọ rí, tí ó bá ti ṣe ohunkóhun pẹ̀lú waya rí, okùn ìsáṣọ ni. Lójijì, ìwé tó ń jáde láti ọ́fíìsì rẹ̀ ń pè é ní Onímọ̀-Ẹ̀rọ, Olùdarí Àgbà Pátápátá, Baba Àwòrán Gbogbo Ẹkùn Ìdànrè. Akọ̀wé rẹ̀, Adésànyà, ló ń kọ oyè wọ̀nyí. Adésànyà yìí ní ẹ̀bùn kan: ó máa ń rẹ́rìn-ín àwàdà ọ̀gá rẹ̀ kí ọ̀gá tó dá a tán.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ọ̀dọ̀ Màmá Fẹ́yìsetán báyìí, torí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dun ni. Ẹ̀gbọ́n bàbá Fọlọ́runṣọ́ ni. Òun ló pọ̀n ọ́n sẹ́yìn nígbà tí ìyá rẹ̀ wà ní àbà kòkó, òun ló nu imú rẹ̀, òun ló gbé e lọ síléèwé lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìyá náà ti di ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin, orúnkún rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́. Ó ń gbé pẹ̀lú Catherine, olùkọ́ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyàwó Fẹ́yìsetán ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Catherine kò lọ lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ kú. Ó ní ta lòun fẹ́ fi ìyá náà sílẹ̀ fún.

Fẹ́yìsetán ló ra tẹlifíṣọ̀n tó wà nínú pálọ̀ ìyá rẹ̀, èyí tó ní ẹ̀yìn gbẹ̀ǹdẹ̀kẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni Màmá ń wò níbẹ̀: ìkéde òkú ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí ẹ bá dàgbà tó bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ lẹ ó ti máa rí àwọn ẹgbẹ́ yín. Ẹnì kan sì wà tí Màmá ń wò fún: Màmá Olútìmẹ́hìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìgbà ọmọge, tí wọ́n jọ wọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ aládùúrà lọ́jọ́ kan náà, kí ọmọ rẹ̀ tó mú un lọ máa gbé ní Ofosu, lójú ọ̀nà márosẹ̀ tó lọ sí Bìní. Àwọn méjèèjì ti dá májẹ̀mú. Èyí tó bá ṣáájú nínú wọn, èkejì ni yóò gbé orin létí sàréè rẹ̀, ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ gbé e. Màmá Olútìmẹ́hìn sì ti ń ṣàìsàn láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ìdí rèé tí Màmá Fẹ́yìsetán kò fi jẹ́ kí aago mẹ́fà kan kọjá òun.

Fọlọ́runṣọ́ mọ gbogbo èyí. Ó kúkú dàgbà nínú ilé yẹn.

Ní ti ogójì dikódà náà, n kò ní fi yín sínú òkùnkùn. Kò tíì pé ọjọ́ kejì tí wọ́n dé tí Olùdarí Àgbà Pátápátá fi kó méjìlá nínú wọn sínú ilé ìgbàlejò tuntun rẹ̀, níbi táwọn tó ń wá gun Òkè Ìdànrè ń sùn sí, yàrá kan, dikódà kan. Ìyókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń ronú ẹni tó yẹ. Àwọn arúgbó ńkọ́? Òun náà ronú nípa wọn. Ó ní bí ẹni kò bá ní tẹlifíṣọ̀n nílé, kí ló fẹ́ fi dikódà ṣe? Ìyẹn nìkan ni ìrònú tó rò parí nínú gbogbo ìgbà tó fi wà nípò.

Bó ṣe pàṣẹ nìyẹn pé kí gbogbo arúgbó gbé tẹlifíṣọ̀n wọn wá sí pápá ìsàlẹ̀ òkè, nítorí òun fẹ́ ṣe ìsìnkú ẹ̀yẹ fún ọ̀nà àtijọ́.

Lọ́jọ́ náà, ẹ wá wo èèyàn. Wọ́n to tẹlifíṣọ̀n ogójì sórí ẹní, wọ́n da aṣọ dúdú bò wọ́n, píkọ́ọ̀pù tó ń kó kòkó ni ọkọ̀ òkú. Àwọn arúgbó jókòó sí abẹ́ àtíbàbà, òmíràn fọwọ́ lẹ́rán, òmíràn ń wo ti tirẹ̀ lókèèrè bí ẹni tó ń sin ọmọ lọ sójú ogun. Olùdarí Àgbà gba máìkì. Ó kọ́kọ́ kí ọba, ó kí ìjòyè, ó kí àwọn tó wá àtàwọn tí kò lè wá, ó kí òkè, ó kí àpáta lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, ó sì kí ara rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni ìkíni nìkan gbà.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ló wá sọ, "òní la sin òkùnkùn. Ẹ má ṣe sunkún fún antẹ́nà. Antẹ́nà ti ṣe tirẹ̀. Ìgbà kan wà tí ẹ̀dá ń wo àwòrán tó ń ṣe bíi pé òjò ń rọ̀ nínú rẹ̀, ẹ sì rò pé ayé lẹ wà. Èmi ni mo yọ yín. Bí wọ́n bá bi yín lọ́run pé ta ló fi ìmọ́lẹ̀ hàn yín, ẹ mọ orúkọ tí ẹ ó dá."

Adésànyà ti pàtẹ́wọ́ láti orí "ẹ̀yin èèyàn mi".

Ó wá fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní páálí dikódà tí wọ́n fi sẹ́lótéèpù dì pinpin. Ó ní àwòrán tuntun wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó rìn jìnnà kó tó dé, ó ní láti sinmi. Ogójì ọjọ́ ni ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí páálí. Ní ọjọ́ ogójì, òun fúnra òun yóò wá ṣí i, òun yóò sì gbé ojú tẹlifíṣọ̀n tuntun tí wọn yóò máa wò lé e. Ẹni tó bá ṣí i ṣáájú, àwòrán á fò lọ, kò sì ní padà. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ rántí pé àwọn arúgbó yìí ti rí fóònù tó ń fi ojú ọmọ wọn hàn wọ́n láti ìlú òyìnbó láìsí waya. Kí ni wọn kò ní gbà gbọ́ mọ́? Yàtọ̀ sí ìyẹn, aládùúrà ni púpọ̀ nínú wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n dúró ọjọ́ kan, wọ́n lè bi yín ní ìdí. Bí ẹ bá ti pe ogójì ọjọ́, ààwẹ̀ ni lójú wọn, ààwẹ̀ kì í sì í já láàárín.

Wọ́n gbé páálí lọ sílé. Ó wúwo dáadáa.

Nígbà tí Catherine ti iléèwé dé, ó bá àyè ibi tí tẹlifíṣọ̀n ọkọ rẹ̀ wà lófìfo, páálí ló wà níbẹ̀ lórí aṣọ funfun. Màmá ro gbogbo rẹ̀ fún un. Catherine wo ẹ̀gbẹ́ páálí, ó rí àwòrán waya mẹ́ta tó wọ ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ó ní ẹ jẹ́ kí òun ṣí i. Màmá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó ní òun ti fẹnu ara òun jẹ́ ẹ̀jẹ́, àti pé ọmọ tí òun pọ̀n sẹ́yìn kò lè gbé òun sínú kòtò.

Lọ́jọ́ kejì, Catherine lọ sí ọ́fíìsì. Adésànyà ní kó kí ọ̀gá bó ṣe yẹ. Catherine kúnlẹ̀ délẹ̀ bí ìyàwó ilé, ó kí i, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, ọkọ mi. Ẹ dákun, ẹ dá tẹlifíṣọ̀n Màmá padà. Òun náà la máa fi so dikódà yìí."

Olùdarí Àgbà rọra tẹ̀ sẹ́yìn lórí àga. Ó ní, "Catherine. Nínú èmi àti ìwọ, ta ni onímọ̀ ẹ̀rọ?"

"Kò sí ẹnì kankan, ọkọ mi. Ṣùgbọ́n wọ́n yà á sára páálí."

Adésànyà gbàgbé ara rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá wò ó, Adésànyà bá fi ikọ́ bo ẹ̀rín náà. Olùdarí Àgbà wá sọ̀rọ̀ fún bíi wákàtí kan lórí ewu tó wà nínú kí àwọn olùkọ́ máa wo ẹ̀gbẹ́ páálí. Kí Catherine tó délé, àṣẹ tuntun ti jáde, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri: olùkọ́ kankan kò gbọdọ̀ sún mọ́ páálí ìgbìmọ̀ ní ìwọ̀n ọgọ́rùn-ún ìṣísẹ̀. Catherine ló ń sùn nínú yàrá tó tẹ̀ lé pálọ̀. Ẹ ò rí i pé òfin ti bá a.

Bí aago mẹ́fà bá ti lù lójoojúmọ́, Màmá á wọ sùtánà funfun rẹ̀, á jókòó síwájú páálí. Ó ní bó bá jẹ́ pé àwòrán ń sinmi, ó yẹ kó mọ̀ pé ẹnì kan ń dúró dè é. Catherine á ṣe oúnjẹ, á gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú ń bí i.

Ní ọjọ́ kẹtàlélógún, Olútìmẹ́hìn, ọmọ ọ̀rẹ́ Màmá, dé láti Ofosu. Kò rẹ́rìn-ín. Ó dọ̀bálẹ̀, ṣùgbọ́n ó tètè dìde, kò sì jókòó síbi tí wọ́n fi hàn án.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin lẹ sọ pé ẹ ó gbé orin. A dúró dè yín fún wákàtí méjì létí sàréè. A ń wo ojú ọ̀nà. Wòlíì ní kí a máa sin ín lọ, òjò ti ṣú. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ló gbé orin ìyá mi."

Màmá béèrè ìgbà tó ṣẹlẹ̀. Ó ní ọjọ́ kọkànlá rèé tí wọ́n ti sin ín. Ó ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta làwọn fi kéde rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n nítorí Màmá gan-an, torí nọ́ńbà fóònù tó wà lọ́wọ́ àwọn, ti Fẹ́yìsetán olóògbé ni. Ó ní ìyá òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé, "Ẹ kéde rẹ̀ ní aago mẹ́fà, ó ń wò ó."

Màmá kò pariwo. Ó yí padà, ó wo páálí, ó tún wo Olútìmẹ́hìn. Omi ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí sùtánà. Ó ní, "Catherine, ìyàwó mi, mú ọ̀bẹ wá."

Catherine la páálí náà. Ìwé ìròyìn àtijọ́ ló wà lókè. Abẹ́ rẹ̀ ni òkúta méjì wà, ọ̀kan tóbi, ọ̀kan kéré, irú èyí tí à ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ kiri ní Ìdànrè lójoojúmọ́ ayé. Ta ló dá ọgbọ́n yìí bí kò ṣe Adésànyà? Òun ló sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé páálí òfìfo á máa fò nílẹ̀, pé bí òkúta bá wọ́n níbòmíràn, kò wọ́n lọ́dọ̀ tiwa. Olútìmẹ́hìn ló kọ́kọ́ jókòó. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ó bẹ Màmá pé kó dárí ji òun. Màmá ní kò ṣẹ òun. Ó ní kí Catherine fọ òkúta méjèèjì, kó gbé wọn síbi tí òun á ti máa rí wọn.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni Olùdarí Àgbà Pátápátá wá kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́rin. Catherine ti fi sẹ́lótéèpù di páálí náà padà, ọkùnrin náà kò sì fura. Ohun tó gbé e wá ni pé wọ́n ń wá ẹni tí yóò di olórí ìgbìmọ̀ fún gbogbo ìpínlẹ̀. Alábòójútó àgbà kan ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ rẹ̀, ìyáàfin kan láti Ìkàrẹ́ tó ń jẹ́ Hàfsátù, ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Fọlọ́runṣọ́ ti pinnu pé inú ìsìn Ìkórè ìjọ wọn ni yóò ti gbà á, níwájú èrò. Ó ní kí Màmá wá jẹ́rìí sí ohun tí òun ṣe fún un. Ó fi ọwọ́ lé e léjìká, ó ní kó bẹ̀rẹ̀ láti orí oore òun.

"Ṣé gbogbo rẹ̀ lo fẹ́ kí n sọ?" ni Màmá bi í.

"Gbogbo rẹ̀, Màmá. Ẹ má fi ìkankan sílẹ̀."

"Ó dáa. Ẹ̀rí mi á pé."

Níbí yìí ni ìgbéraga ti sọ ọkùnrin náà di òpè. Ọmọ ìjọ ni, inú ìjọ ni wọ́n bí i sí, ó sì mọ ohun tí ẹ̀rí jẹ́. Ẹ̀rí kì í ṣe ìwé ìyìn tí Adésànyà ń kọ. Bí aládùúrà bá dìde láti jẹ́rìí, ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀, kò sì ní jókòó títí yóò fi dé ibi tó parí sí, torí wọ́n gbà pé ẹ̀rí tí a bá já láàárín kì í níbùkún. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá a dúró. Ó ti gbàgbé. Ó rò pé gbogbo máìkì ayé, tòun ni.

Lọ́jọ́ Ìkórè, ó kún. Iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ kòkó wà níwájú pẹpẹ. Àárín wọn ni Olùdarí Àgbà ní kí wọ́n to páálí àwọn arúgbó yòókù sí, kí ayàwòrán lè rí wọn yà dáadáa, ó sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn wọ́n. Ìyáàfin Hàfsátù bọ́ bàtà rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bíi gbogbo èèyàn, ó wé ìborùn rẹ̀ dáadáa, ó jókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ìwé kékeré lórí itan. Alàgbà Ọlọ́runṣọlá tó ń darí ìsìn pe Màmá Fẹ́yìsetán. Catherine dì í mú lọ́wọ́ kan. Ọwọ́ kejì Màmá di àpò aṣọ kan mú.

Èdè Ìdànrè gidi ni Màmá fi sọ ọ́. Mo ń tún un sọ báyìí ní èyí tí gbogbo wa máa gbọ́.

Ó ní kí ìjọ bá òun yin Olúwa tó fún òun ní ọmọ bíi Fọlọ́runṣọ́. Ìjọ ní halelúyà. Fọlọ́runṣọ́ tún àmùrè sùtánà rẹ̀ ṣe, ó wo Ìyáàfin Hàfsátù láti ẹ̀gbẹ́ ojú. Màmá ní ọmọ òun gba tẹlifíṣọ̀n lọ́wọ́ òun, ó fi òun lọ́kàn balẹ̀, ó fún òun ní páálí. Halelúyà. Ó ní kí òun má ṣí i fún ogójì ọjọ́. Halelúyà. Ó ní òun wọ sùtánà ní aago mẹ́fà lójoojúmọ́, òun ń wo páálí. Halelúyà yẹn kò lágbára mọ́, àwọn kan ti ń wo ara wọn.

Màmá ní, "Nígbà tí mò ń wo páálí, Màmá Olútìmẹ́hìn kú. Ẹ̀yin akọrin àgbà mọ̀ ọ́n. Wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta fún mi. N kò rí i. Wọ́n sin ín, èmi kọ́ ni mo gbé orin rẹ̀."

Ẹnikẹ́ni kò ṣe halelúyà. Olùdarí Àgbà dìde, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní ẹ̀rí ti pé, kí wọ́n mú àga wá fún Màmá. Alàgbà Ọlọ́runṣọlá lu agogo ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ jókòó, arákùnrin. Ẹni tó bá já ẹ̀rí, òun ló ni ẹrù inú rẹ̀."

Ó jókòó. Kí ló máa ṣe? Màmá tọwọ́ bọ àpò. Ó yọ òkúta ńlá jáde, ó yọ kékeré jáde, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu.

Ó ní, "Ohun tí ọmọ mi fún mi rèé. Ẹ̀rí mi pé. Ẹ bá mi yin Olúwa."

Ìyáàfin Hàfsátù dìde, ó fi ẹsẹ̀ lásán rìn dé ibi tí páálí wà, ó gba ọ̀bẹ tí wọ́n fẹ́ fi gé ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó la ọ̀kan. Òkúta. Ó la èkejì. Òkúta, wọ́n sì tún fi ewé wé ìyẹn. Àwọn arúgbó fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jáde wá la tiwọn. Bàbá kan kà tirẹ̀, ó rí mẹ́ta, ó ní bóyá wọ́n fi ènì sí i.

Olùdarí Àgbà gba máìkì. Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ̀dá lè fi ẹnu sọ: "Ìyáàfin ọlọ́lá jùlọ, ẹ jẹ́ kí n tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Òkúta Ìdànrè kì í ṣe òkúta lásán. Kí dígítà tó wà, òkúta wà. Àwọn baba wa gbé lórí òkúta, wọ́n ríran jìnnà láìsí dikódà. Ètò wa jẹ́ onípele. Ìpele kìíní, kí àgbà kọ́kọ́ mọ ìwúwo ohun tí a fẹ́ fún un…"

"Ogójì dikódà dà?" ni Ìyáàfin Hàfsátù béèrè.

"Mo ń bọ̀ níbẹ̀. Ní ìpele kejì…"

"Ilé ìgbàlejò rẹ̀ ni méjìlá wà, mà," ni Adésànyà sọ láti ẹ̀yìn. "Ìyókù wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Èmi ni mo mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Mo ti ń fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́."

Ó ti ń fẹ́ sọ ọ́ tipẹ́, ẹ gbọ́ o. Ẹnu tó ń jẹ́ "àwòrán yín mọ́" ní ìgbà ọgọ́rùn-ún lójúmọ́.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí lẹ́tà fi dé, ìlà mẹ́ta péré, kò sí oyè kankan níwájú orúkọ. Wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n ní kó dá mọ́tò ìgbìmọ̀ padà ní ọjọ́ Ajé, kó sì wá dáhùn níwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí. Ìyáàfin Hàfsátù kó dikódà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì fúnra rẹ̀. Wọ́n bá tẹlifíṣọ̀n àwọn arúgbó nínú ìsọ̀ kòkó ní Aládé, Fọlọ́runṣọ́ ti bá ẹni tó ń ra irin dúnàádúrà lórí wọn. Catherine gbé ti Màmá délé, ó ki pupa bọ pupa, funfun bọ funfun, yẹ́lò bọ yẹ́lò, ó tẹ rìmóòtù pé kó wá àwọn ṣánẹ́ẹ̀lì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni gbogbo rẹ̀ gbà. Àwòrán mọ́ débi pé Màmá ń rí irùngbọ̀n òkú tí wọ́n ń kéde. Ó wò ó títí ó fi parí, ó ní ó dára, ó wá bú sẹ́kún.

Lọ́jọ́ Àìkú, nígbà tó ku ọjọ́ kan kó dá mọ́tò padà, Fọlọ́runṣọ́ wá. Kò sí ẹni tó ṣí fìlà fún un lójú ọ̀nà. Ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú Màmá, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí, kó sọ pé àwàdà ẹbí ni òkúta yẹn. Ó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu Màmá ló lè gba òun sílẹ̀. Ó sọ̀rọ̀, ó sọ̀rọ̀, ó dé orí àwọn baba ńlá wọn kó tó dákẹ́.

Màmá jẹ́ kó parí. Ó ní, "Ṣé mọ́tò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ó wà níta, Màmá."

"Gbé mi lọ sí Ofosu."

Fọlọ́runṣọ́ rò pé ó ti gbà. Ó sáré ṣílẹ̀kùn ọkọ̀. Màmá wọ sùtánà, Catherine jókòó tì í lẹ́yìn. Gbogbo ojú ọ̀nà ni Fọlọ́runṣọ́ fi ń kọ́ Màmá ní ohun tó máa sọ níwájú ìgbìmọ̀, Màmá ń wo ojú ọ̀nà.

Olútìmẹ́hìn mú wọn lọ síbi sàréè lẹ́yìn ilé, láàárín igi kòkó. Ilẹ̀ rẹ̀ ṣì pupa. Màmá ní kí wọ́n jẹ́ kí òun jókòó sílẹ̀. Ó gbé orin náà. Ohùn rẹ̀ kò dé òkè mọ́, ó ń já, ó sì ń so ó padà, ó kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì sí ẹni tó bá a gbè é. Nígbà tó parí, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lu yẹ̀pẹ̀ jẹ́jẹ́, ó kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó ní kó má bínú pé òun pẹ́.

Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Fọlọ́runṣọ́.

"Sọ ohun tó fà á fún ọ̀rẹ́ mi."

Fọlọ́runṣọ́ tún ọrùn aṣọ rẹ̀ ṣe. Ó wúkọ́. Ó ní, "Mo dúró lórí ìlànà tó ti wà nílẹ̀, mo kí…"

"Má kí ẹnikẹ́ni," ni Màmá sọ. "Sọ fún un."

Ọkùnrin tó kí àpáta Ìdànrè lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ kò jáde. Ó wo Catherine, Catherine kò wo ibòmíràn. Ó wo Olútìmẹ́hìn. Nígbà tó yá, ó kúnlẹ̀ sínú ilẹ̀ pupa náà.

Ó ní, "Màmá Olútìmẹ́hìn, òkúta ni mo kó sínú páálí."

Màmá Fẹ́yìsetán tẹ́tí sí yẹ̀pẹ̀ náà.

"Ó ti gbọ́," ló sọ. "Fà mí dìde."